Orí Kẹjọ: Ọjọ́ Tí Ṣọ́lé Pín Òtútù

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù tí Ṣọ́lé, ẹ̀rọ tó ń pín òtútù fún ìlú, ti gba máàkì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìbíwùmí rí i lára gíláàsì ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún un wò. Máàkì ò yí padà. Ló bá pariwo. Jórinjórin ni obìnrin náà, ohùn tó ti ń bá iná àti irin figagbága láti ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ohùn kékeré. Àwọn ẹyẹlé tó bà lórí páìpù òtútù fò lọ.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ẹ wò ó! Ṣé ẹ̀ ń rí i?"

"Mò ń rí i, Ìbíwùmí. Rọra, má dí mi létí." Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fámúyìíwá wà, ojú rẹ̀ nìkan ló wà ní Òkè-Ìsádi, ó tóbi bí ọpọ́n lójú gíláàsì. Ẹ̀kọ ló ń jẹ. "Láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní ìmọ̀ dátà lórí ayélujára, ẹnìkan ò tíì gba iye yẹn ṣáájú ọ̀sán. Ṣáà jókòó jẹ́ẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. O ti di másítà nìyẹn."

"Kí n jókòó jẹ́ẹ́ kẹ̀? Ẹ ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́. Èdìdì ti wà lára Ṣọ́lé láti ìdájí. Bó o bá já a, ìdánwò parí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ sì nìyí. Òfin ò mọ ẹ̀ẹ̀kẹrin."

Kò sẹ́ni tó mọ̀yẹn ju Ìbíwùmí lọ. Ọdún márùn-ún ló fi kẹ́kọ̀ọ́ yìí, tó ń fi ọwọ́ kan jó irin, tó ń fi ọwọ́ kejì ṣí ìwé lójú gíláàsì. Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ kọ́ ní pípín òtútù, gbọ̀ngàn ìlú tí ẹnikẹ́ni ò gbé ló kó gbogbo rẹ̀ fún. Èkejì ka ewúrẹ́ mọ́ àgbà ilé. Ṣọ́lé ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Tìtorí rẹ̀ ni Ìbíwùmí fi fẹsẹ̀ rìn fún oṣù mẹ́fà, láti ilé dé ilé, ogójì ilé, ó ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe torí àtijẹ oyè ló ṣe ń wá másítà. Másítà nìkan ni òfin gbà láyè kó wọ Ilé-Òtútù tó wà lórí òkè, níbi tí òtútù gbogbo ìlú ti ń wá. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń bá wọn jó páìpù ilé náà, láti ìta. Àwọn tí wọ́n máa ń rán wá ṣọ́ inú rẹ̀ kì í sùn ní Òkè-Ìsádi, wọn kì í mọ ẹni tí ooru ń mú.

"Mo fẹ́ lọ sọ fún Màmá," ó ní.

"Lọ. Àmọ́ ọwọ́ rẹ o!"

Ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ọbẹ̀, ó jáde.

Oòrùn aago mẹ́wàá kì í ṣe oòrùn ọ̀rẹ́ ní Òkè-Ìsádi. Abẹ́ aṣọ ìbòji tí wọ́n ta láti òrùlé dé òrùlé ni wọ́n ń gbà rìn. Ẹni tó bá yà kúrò lábẹ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbíwùmí sáré bọ́ sí ilé Màmá Ọlátóún, ìyá ọkọ rẹ̀, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ọkọ fúnra rẹ̀ wà lójú òkun, ọkọ̀ ẹrù ló ń wà; ìyá àti ìyàwó ló kù tí wọ́n ń bá ara wọn ṣeré, tí wọ́n ń bá ara wọn jà.

"Màmá! Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún!"

"Ọjọ́ orí ta nìyẹn?"

"Máàkì mi ni, Màmá! Ti Ṣọ́lé!"

"O kú oríire, ìyàwó mi. Ó yá, wá gba abẹ̀bẹ̀ yìí kó o bá mi fẹ́ àwọn ọmọ, apá ń ro mí."

Ìgbà yẹn ni Ìbíwùmí wo ilẹ̀. Àwọn ọmọ agboolé dùbúlẹ̀ káàkiri pálọ̀, wọ́n dojú bolẹ̀ lórí táìlì, wọ́n na ọwọ́ na ẹsẹ̀ bí ẹja tí wọ́n sá. Kò sẹ́ni tó ń ṣeré nínú wọn. Òógùn ti rin aṣọ ẹ̀yìn wọn gbindin. Páìpù òtútù tó wà lókè ògiri ń mí fìn-ín fìn-ín bí arúgbó tó gun àtẹ̀gùn.

"Kí ló ṣe páìpù yín?"

"Bó ṣe wà láti ìdájí nìyẹn. A rò pé báyìí ni ti másítà ṣe máa ń rí."

Ìbíwùmí fa gíláàsì kékeré yọ nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó wá orúkọ ilé náà. Ó rí i. *Ilé Ọlátóún: àgbà mẹ́rin, ọmọ kan.*

Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó wà nílẹ̀, ó yára gbé e kúrò. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

"Màmá, nígbà tí mo wá bi yín léèrè lóṣù kẹta, kí lẹ dá mi lóhùn?"

"O ní, 'Àwọn ọmọ ńkọ́?' Mo ní, 'A dúpẹ́.' Àbí kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n máa kà wọ́n sókè bí ẹni ń ka iṣu?"

Ìbíwùmí jókòó lé apá àga. Ó tẹ gíláàsì náà síwájú, ó ń ka ìdáhùn ilé kọ̀ọ̀kan bó ṣe kọ wọ́n sílẹ̀ fúnra rẹ̀. A dúpẹ́. A dúpẹ́. Wọ́n wà. Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn. A dúpẹ́. Wọ́n ń ṣeré níta. Ó rántí ọjọ́ tó ń tún dátà náà ṣe, tí Ṣọ́lé bi í pé kí ni kí òun ṣe sí ibi tí kò bá sí nọ́ńbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ibi tí kò bá sí nọ́ńbà, fi ọ̀kan sí i. Ṣọ́lé sì gbọ́ràn. Ilé ogójì, ọmọ méjìdínlógójì. Ilé méjì tí kò lọ́mọ nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè gbọ́: wọ́n ní kò sí.

Máàkì rẹpẹtẹ yẹn ńkọ́? Ìwé tí wọ́n fi ń yẹ Ṣọ́lé wò, ìwé kan náà tí Ìbíwùmí kọ ni. Irọ́ ń jẹ́rìí fún irọ́, máàkì ń gòkè.

"Màmá, ẹ̀rọ mi ò mọ̀ pé ọmọ wà nílùú yìí."

"Kò lójú ni?"

"Kò ní. Òfin ò gbà kó ní." Ó nawọ́ sí ihò kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn, níbi tí ojú ẹ̀rọ kan máa ń wà láyé àtijọ́ kí ìlú tó yọ gbogbo wọn fọ́. Pákò ni Màmá ń tọ́jú síbẹ̀ báyìí. "Ohun tí onílé bá fẹnu ara rẹ̀ sọ nìkan ló lè mọ̀. Èmi ni mo lọ béèrè. Èmi ni mi ò béèrè dáadáa."

Màmá jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ sinmi lórí itan. "Bó o bá sọ fún wọn, ṣé wọn ò ní gba másítà náà lọ́wọ́ rẹ?"

"Wọ́n á gbà á."

"Bó o bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Màá gbà á nírọ̀lẹ́ yìí. Ṣọ́lé á sì máa pín òtútù báyìí fún ọdún kan gbáko. Ẹ̀rọ tó bá yege, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ọdún tó yí po."

Ìyá arúgbó náà ronú. Kì í ṣe òmùgọ̀, ó sì fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ ju bó ṣe máa ń fẹnu sọ lọ. "Ọdún kan kì í ṣe títí ayé," ó ní. "Abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ èmi náà. Gba oyè rẹ. Bó o bá ti wọlé tán, wàá tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbíwùmí létí. N ò ní purọ́ fún yín pé kò wọ̀ ọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń rí ilẹ̀kùn Ilé-Òtútù tó ṣí sílẹ̀, ó ń rí ara rẹ̀ tó ń wọlé bí onílé. Oṣù méjìlá péré. Ta ló máa mọ̀?

Ìkẹ́olúwa, ọmọ ọdún mẹ́ta, dìde nílẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé orí irin tó de bẹ́líìtì Ìbíwùmí, ó di ojú.

"Ó tutù," ọmọ náà wí.

Irin náà ò tutù. Ìgbóná rẹ̀ kàn kéré sí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ni.

Ìbíwùmí gbé ọmọ náà lé Màmá lẹ́sẹ̀, ó dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí Ọ̀jọ̀gbọ́n má pa mí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò pa á. Ẹ̀kọ ló há a lọ́fun. Ó wúkọ́ títí gíláàsì fi ń gbọ̀n, nígbà tó sì rí ohùn, ẹ̀rín ló fi sọ.

"Ọmọ méjìdínlógójì! Ìbíwùmí, mo fi ojú ara mi ka iye yẹn, mo ní ó dára. Kí n kọjú sí èèyàn lórí gíláàsì yìí kí n bi í pé ọmọ mélòó ló bí, ó nira fún èmi náà. Ìyá mi á gbá mi létí láti sàréè."

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ wà nílẹ̀ bí ẹja. Ẹ já èdìdì."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Dúró. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bọ̀ fún ọ, ká má bàa bá ara wa jà lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí, ilé-ẹ̀kọ́ ò lágbára lórí rẹ̀ mọ́. Kò yege, kò kùnà. Ìlú ni yóò dá a lẹ́jọ́. Gbogbo ilé pátá ló gbọ́dọ̀ gbọ́wọ́ lé gíláàsì kí oòrùn tó wọ̀. Ilé kan ṣoṣo bá kọ̀, ó tán."

"Èèyàn mélòó ló ti gba ibẹ̀ yege?"

"Kò sí. Ọkùnrin kan gbìyànjú ẹ̀, àwọn ará ìlú rẹ̀ yí àga rẹ̀ dà sínú kànga."

"Ṣé ó wà lórí àga náà?"

"Ó ti sá lọ."

"Ẹ já èdìdì, mà."

Bí èdìdì ṣe já, máàkì kúrò lójú gíláàsì, ibẹ̀ ṣófo. Ìbíwùmí gbé gbohùngbohùn ìlú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ kan fún un láti kà, ọ̀rọ̀ tó ní "pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn" àti "àwọn ìdíwọ́ tí a kò rò tẹ́lẹ̀" nínú. Ìbíwùmí wò ó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀yin ará Òkè-Ìsádi, èmi Ìbíwùmí jórinjórin ni. Ooru tó ń mú yín láti àárọ̀, èmi ni mo fà á. Ẹ̀rọ mi ò mọ̀ pé ẹ bímọ, torí mi ò bi yín dáadáa. Ẹ má bínú. Omi tútù wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kí gbogbo ọmọ wá mu ago kan. Ago náà ni màá kà, màá sì sọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Ìyá tí kò bá fẹ́ kí n ka ago ọmọ rẹ̀, kó sọ fún mi, ọmọ náà á ṣì mu omi. Ó tán."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé, lábẹ́ aṣọ ìbòji, àwọn ìyá níwájú, àwọn ọmọ lẹ́yìn. Ìyá Ìdòwú ló ṣíwájú wọn, obìnrin tó ń ran aṣọ ìbòji fún gbogbo ìlú, tí kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó di ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pa.

"Ìbíwùmí, ọmọ mi lo fẹ́ kà."

"Ago ni."

"Ta ló ń mu omi inú ago?"

"Ẹnu ni. Mi ò ka ẹnu, Ìyá Ìdòwú. Ago."

"O gbọ́n lónìí, o ò gbọ́n lóṣù kẹta." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìdòwú yíjú sí wọn. "Ṣé a kì í ka abọ́ kí a tó bu oúnjẹ fún wọn ni?"

"À ń kà á!"

"Ṣé ó ti pa ọmọ ẹnikẹ́ni rí?"

"Rárá o!"

"Ó yá, jẹ́ kí wọ́n mu omi."

Fíríìjì mẹ́ta tí àwọn èèyàn gbé wá fún àtúnṣe ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbíwùmí ti tún méjì ṣe tán, ó fi ọ̀rọ̀ burúkú tún ìkẹta ṣe lójú ẹsẹ̀. Màmá Ọlátóún gbé àpótí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹ̀rọ kankan láyé tó lè ṣe iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ náà. Ó mọ ọmọ gbogbo ìlú, ó mọ ìyá wọn, ó mọ èyí tí ojú kòkòrò ń bá jà.

"Ìwọ Ṣẹ́yẹfúnmi! O ti mu. Padà sẹ́yìn."

"Màmá, èmi kọ́ o! Ìkejì mi ni!"

"Ìkejì rẹ dà? Kó yọjú kí n rí i!"

Ìkejì rẹ̀ yọjú lóòótọ́, ojú kan náà, eyín kan náà tó ká, ago wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Màmá na ọwọ́ sí àwọn méjèèjì pé kí wọ́n kọjá, àmọ́ ó fi ègé èédú sàmì sí ọ̀kan níwájú orí, torí pé ó ní òun ò gbẹ́kẹ̀ lé ìbejì tó bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn gbé àbúrò pọ̀n wá, ó ní tọ́mọ ẹ̀yìn náà ńkọ́, ìyẹn ò lè di ago mú. Ìbíwùmí gbé ago kan kalẹ̀ fún un, ìyá rẹ̀ ló mu ún. Ìyá kan ní kí wọ́n má ka ago tọmọ òun. Ìbíwùmí ò kà á. Nígbà tí ìyá náà rí i pé kò jiyàn, ó padà wá, ó ní, "Kà á jàre."

Nígbà tí omi tán, ago tó wà nílẹ̀ jẹ́ igba ó lé mẹ́tàdínlógún.

Ìbíwùmí kọ ọ́ fún Ṣọ́lé, ago ilé kọ̀ọ̀kan sí iwájú orúkọ ilé. Lẹ́yìn náà páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n hó, wọ́n sì mí. Láti ilé Màmá ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ariwo ọmọ. Kì í ṣe ẹkún. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ara wọn ti dá.

Máàkì tuntun jáde: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Òtútù ò tó fún gbogbo èèyàn lóòótọ́, Ṣọ́lé sì ti mọ̀ báyìí.

"Ó lọ sílẹ̀ o," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Òun ni mo gbà gbọ́," Ìbíwùmí wí.

Oòrùn ń lọ. Àwọn ilé ń gbọ́wọ́ lé gíláàsì wọn níkọ̀ọ̀kan, ohùn wọn ń dé ṣọ́ọ̀bù. "Ó fi ooru pa wá, ó fi omi tútù bẹ̀ wá. A gbà." "A gbà, àmọ́ kó wá bá wa jó géètì wa tó já." "A gbà, Màmá Ọlátóún pè mí lólè níwájú ọmọ mi, àmọ́ a gbà." Mọ́kàndínlógójì ilé. Ó ku ọ̀kan.

Ọ̀kan náà ni ilé Bàbá Láṣebíkan, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé nínú yàrá kan ṣoṣo nítòsí Ilé-Òtútù, tí kì í kí ẹnikẹ́ni. Òun ni òtútù rẹ̀ dínkù jù lọ nínú ìpín tuntun. Yàrá kan yẹn ti ń gba ìpín odidi ilé, Ṣọ́lé gé e sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

"Ìyẹn ò ní gbà," Ìyá Ìdòwú wí. "Ó pè mí lẹ́jọ́ rí torí aṣọ ìbòji mi ń ṣíji bo fèrèsé rẹ̀."

Oòrùn ti pupa nígbà tí bàbá náà fi ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn yà fún un. Ìgbà tó sún mọ́ wọn ni wọ́n rí i pé súẹ́tà méjì ló wọ̀ lé ara wọn, ó dé fìlà onírun dé etí, ó fi aṣọ ìbora di ìdí. Nínú ooru Òkè-Ìsádi!

"Ta ni Ìbíwùmí?"

"Èmi nìyí, sà." Ó kúnlẹ̀.

"Láti ìdájí ni mo ti ń gbọ̀n! Omi inú kete mi ti di yìnyín! Mo pe ilé-ẹ̀kọ́ rẹ, wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ gba méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, kí n lọ jókòó." Ẹnu rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ọ̀sán yìí ni mo tó lè na ìka mi. Ta ló dín in kù?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí n bínú kẹ̀? Níbo ni wọ́n ń gbọ́wọ́ lé?"

Wọ́n fà á dé iwájú gíláàsì. Ó gbọ́wọ́ lé e. Gíláàsì ò dáhùn. Ó tún gbé e lé e.

"Ó ní òun ò rí ọwọ́ èèyàn alààyè," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ọwọ́ bàbá tutù jù. Ẹ yára, oòrùn ti ń wọ̀!"

Ìbíwùmí bọ́ ìbọ̀wọ́ jù sílẹ̀, ó gbá ọwọ́ adájọ́ náà mú láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ tí iná ti sè fún ọgbọ̀n ọdún, ó ń fi ra á bí ẹni ń fọ aṣọ. Àwọn ọmọ sún mọ́ ọn, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. "Rọra, obìnrin yìí, egungun ni!" bàbá ń ké, ẹ̀rín sì ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ìbíwùmí tẹ ọwọ́ náà mọ́ gíláàsì.

Gíláàsì tanná.

"Ilé Láṣebíkan, kí lẹ wí?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Ó lè dákẹ́ kó sì gba másítà rẹ̀," adájọ́ náà wí. "Kò dákẹ́. Mo gbà."

Ariwo tó sọ nígbà náà, ẹyẹlé tó bá kù lórí páìpù kankan ní Òkè-Ìsádi fò lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ nǹkan kan nípa ìwé ẹ̀rí másítà, kò sẹ́ni tó gbọ́. Màmá Ọlátóún dìde lórí àpótí rẹ̀, ó di ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, láti orí bàbá rẹ̀, "Àwẹ̀ró, ọmọ afiná-ṣeré, ọmọ a-rí-irin-má-sá," ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fi ọ̀rọ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ rí kún un.

Ìbíwùmí ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Ó dúró, ó gbọ́ ọ tán.